Àfonífojì Ihlara ní Túrkì: ibo la ti ń wọlé, ibo la ti ń jáde?

Ẹlẹ́sẹ̀Ọ̀nà:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ Àfonífojì Ihlara ni mo gbé wá, ìyẹn ní ìpínlẹ̀ Aksaray ní àárín gbùngbùn Túrkì, níbi tí odò Melendiz ti la àpáta kọjá, tí wọ́n sì gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sára ògiri àpáta náà lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ kan péré la ní níbẹ̀, ní ìparí oṣù kẹrin. Àwa mẹ́rin ni: géńdé mẹ́ta, àti ìyá àgbà kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ìlú Göreme, ní àdúgbò Kapadókíà, la máa sùn sí. Ìwé tí mo kà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà, kò sọ èyí tó yẹ ká gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká wọ̀, ibo ni ká jáde, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò yẹ ká fò, ṣé ààyè á sì wà fún omi gbígbóná Ziga?

ÀpátaRọ̀:
Ẹ kú ètò ìrìn-àjò. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe nà ná. Láti abúlé Ihlara ní gúúsù dé Selime ní àríwá, nǹkan bíi kìlómítà 14 ni. Odò ń ṣàn láti Ihlara lọ sí Selime, nítorí náà ẹni tó bá kọjú sí Selime ń bá omi sọ̀ kalẹ̀ ni, ẹni tó bá ti Selime bọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n láàárọ̀. Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, á mọ̀ ọ́n.

Ẹnu ọ̀nà kìíní wà nínú abúlé Ihlara gan-an. Èkejì ni èyí tí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò ń dúró sí, lókè téńté etí ọ̀gbun. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ ò kéré, 382 ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ̀kẹta ni Belisırma, abúlé kékeré tó jókòó sí ìsàlẹ̀ létí omi. Ẹ̀kẹrin ni Selime. Láti abúlé Ihlara dé ìdí àtẹ̀gùn, bíi kìlómítà 3. Láti ìdí àtẹ̀gùn dé Belisırma, bíi 4. Láti Belisırma dé Selime, 6 sí 7.

Ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, abala àárín yẹn ni kó mú, láti àtẹ̀gùn dé Belisırma. Ibẹ̀ ni ògiri àpáta ti ga jù, mítà 100 sí 150, ibẹ̀ ni igi ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni bí ẹ ò bá dúró. Ẹ ó sì dúró, nítorí náà ẹ ka wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Awakọ̀Òkè:
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún un, torí ibẹ̀ ni ètò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dàrú. Láti Göreme dé Ihlara, wákàtí kan àti díẹ̀ ni nínú mọ́tò. Kò sí bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ tààrà. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ á wọ ti Nevşehir, á bọ́ sí òmíràn tó ń lọ Aksaray, á tún wá dolmuş Ihlara níbẹ̀ (dolmuş ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré akérò). Ìrìn bíi kìlómítà 40 ló kù láti Aksaray. Ọ̀nà òkè ni dolmuş ń gbà, kì í sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì. Ọjọ́ Àìkú sì ń kọ́? Ọkọ̀ máa ń dínkù. Ẹ bi awakọ̀ tó gbé yín wá ní aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń padà kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró kó di ìrọ̀lẹ́.

Ètò àwọn afinimọ̀nà Göreme, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní "Green Tour", máa ń kó ìlú abẹ́ ilẹ̀ Derinkuyu, Ihlara àti Selime pọ̀ sínú ọjọ́ kan. Kìlómítà 3 sí 4 péré ni wọ́n ń rìn nínú àfonífojì, ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí méjì ni wọ́n sì ń wọ̀. Kò burú fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní orúnkún dídùn, àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n á gbé e gbà, ihò Derinkuyu tí èèyàn ní láti tẹrí ba kó tó lè kọjá ni wọ́n á kọ́kọ́ mú un wọ̀. Ẹ háyà mọ́tò.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyí: ẹni tó bá gbé mọ́tò sí òkè àtẹ̀gùn tó rìn dé Belisırma, mọ́tò ẹ̀ ti jìnnà sí i. Ohun tí ẹ̀yin mẹ́rin lè ṣe ni pé kí awakọ̀ já ẹni méjì sí òkè àtẹ̀gùn, kó gbé ìyá àgbà lọ sí Belisırma. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ dé tòsí omi níbẹ̀. Awakọ̀ àti màmá á wá máa rìn padà lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀, níwọ̀n tí ẹsẹ̀ màmá bá lè gbà. Gbogbo yín á jọ padà sí ìdí mọ́tò kan náà.

OmiÌsun:
Ètò yẹn dára. Kí màmá má sì rò pé òun pàdánù: Direkli àti Bahattin Samanlığı, ṣọ́ọ̀ṣì méjì tó dára, wà nítòsí Belisırma. Ìgòkè díẹ̀ wà lẹ́nu wọn, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kan kó wà lọ́wọ́ wọn, torí òkúta wẹ́wẹ́ máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Tó bá sì rẹ̀ wọ́n, àwọn ilé oúnjẹ ibẹ̀ tẹ́ pákó sórí omi gan-an, wọ́n á jókòó síbẹ̀ tí odò á máa ṣàn lábẹ́ wọn.

ÌtànIlé:
Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wá kàn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ orúkọ, kó má baà dàrú mọ́ yín lójú pátákó. Àwọn orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n kọ́ ilé náà fún. Àwọn ará abúlé tó ń sọ èdè Túrkì ló sọ wọ́n, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ağaçaltı ni "abẹ́ igi". Yılanlı ni "eléjò". Kokar ni "èyí tó ń rùn". Direkli ni "olópòó". Bahattin Samanlığı ni "àká koríko Bahattin", torí wọ́n ti fi ṣe ibi ìkó koríko sí rí. Kırkdamaltı ni "abẹ́ òrùlé ogójì". Àwọn Kristẹni tó ń sọ èdè Gíríìkì ti ń gbé àdúgbò Kapadókíà yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Túrkì àti Gíríìsì tó fẹnu kò ní 1923 láti ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn èèyàn wọn.

Tí ẹ bá dé ìdí àtẹ̀gùn, Ağaçaltı ló wà níbẹ̀. Ẹ wo òrùlé róbótó rẹ̀: Jésù tó ń gòkè re ọ̀run ni wọ́n yà síbẹ̀. Ẹ tún wá Dáníẹ́lì láàárín àwọn kìnnìún. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá yà sí apá òkè odò, ìyẹn apá abúlé Ihlara, á bá Pürenliseki àti Kokar. Àwọn méjèèjì kì í sí lójú ọ̀nà àwọn tó ń kánjú, ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́ rọ́rọ́ nìyẹn. Nínú Kokar, ẹ gbé orí sókè wo àgbélébùú ńlá tó wà lára àjà, ọwọ́ kan wà láàárín rẹ̀ tó ń súre.

Ẹ padà sí ìdí àtẹ̀gùn, ẹ wá tẹ̀ síwájú lọ sí apá Belisırma. Sümbüllü ni ẹ máa rí, èyí tí wọ́n gbẹ́ ojú ilé sí lára bíi ilé alájà. Lẹ́yìn náà ẹ sọdá afárá, Yılanlı wà ní òdìkejì. Ẹ má ṣe fò ó.

Ẹlẹ́sẹ̀Ọ̀nà:
Kí ló wà nínú Yılanlı tí gbogbo èèyàn fi ń pariwo ẹ̀?

ÌtànIlé:
Ìdájọ́ ìkẹyìn ni. Lára ògiri apá ìwọ̀-oòrùn, obìnrin mẹ́rin wà níhòòhò tí ejò ń ṣán. Ti àkọ́kọ́, ejò mẹ́jọ ló wé mọ́ ọn. Ti èkejì, ọmú ló ń ṣán an, torí pé ó kọ̀ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ti ẹ̀kẹta, ẹnu, nítorí irọ́ àti ìbanijẹ́. Ti ẹ̀kẹrin, etí, nítorí pé kò gbọ́ràn. Ọ̀dà ti ṣí kúrò níbi púpọ̀, àwọn èèyàn sì ti fi irin kọ orúkọ wọn sára ògiri, nítorí náà ẹ fún ojú yín ní ìṣẹ́jú méjì nínú òkùnkùn kí àwòrán tó yọ.

Ohun kan tí àwọn afinimọ̀nà kì í sábà là yé èèyàn: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí àtẹ̀gùn, ọwọ́ àwọn ayàwòrán wọn jọ ti ìlà-oòrùn, Síríà àti Íjíbítì. Àwọn tó wà nítòsí Belisırma sún mọ́ ti Bísáńtíọ̀mù, ìjọba Kristẹni àtijọ́ tó fi Konstantinópù ṣe olú-ìlú. Ẹ fi ojú méjèèjì wé ara wọn bí ẹ ṣe ń rìn, ìrìn náà á dùn sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Kırkdamaltı, ṣọ́ọ̀ṣì Jọ́ọ̀jì Mímọ́, lẹ́bàá Belisırma. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Thamar wà lára ògiri, ó gbé àwòrán kékeré ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ fún Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Ní òdìkejì Jọ́ọ̀jì, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Basileios Giagoupes dúró pẹ̀lú láwàní lórí àti aṣọ àwọn ìjòyè Seljuk lára, ìyẹn ìjọba Mùsùlùmí tó wà ní Túrkì nígbà yẹn. Àkọlé tó wà níbẹ̀ dárúkọ Súlítánì Mesud Kejì, ó tún dárúkọ Olú-ọba Andronikos Kejì ti Bísáńtíọ̀mù. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè so ó mọ́ àárín ọdún 1283 sí 1295 nìyẹn. Kristẹni tó wé láwàní, tó ń sin ọba Mùsùlùmí, tó sì tún dárúkọ ọba Kristẹni nínú ilé Ọlọ́run: ògiri kan ṣoṣo ló sọ gbogbo ẹ̀. Ibi gíga ló wà o, ìgòkè rẹ̀ le. Kì í ṣe fún màmá.

Awakọ̀Òkè:
Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó ní agbára lọ, iná fóònù kì í tó. Ẹ má fi fìláàṣì ya àwòrán. Ẹ kàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri dípò kí ẹ tàn án sójú àwòrán gan-an, ẹ ó rí i pé ìlà tí kò hàn tẹ́lẹ̀ á yọ jáde.

Ẹlẹ́sẹ̀Ọ̀nà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku Selime. Ṣé ká kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ni, àbí ká fi parí?

Awakọ̀Òkè:
Ẹ kọ́kọ́ lọ. Ilé àwọn mọ́ńkì Selime ò jọ ìyókù, gígun ni. Gbogbo rẹ̀ wà lára òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti fá ojú ọ̀nà náà títí ó fi ń dán bí àwo. Ẹsẹ̀ tó ti rìn kìlómítà púpọ̀ ló ń yọ̀ níbẹ̀. Tí èèyàn bá fi parí, ó lè bá a pé wọ́n ti fẹ́ ti géètì pẹ̀lú.

ÀpátaRọ̀:
Mi ò fara mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń lọ. Ibi tó ga ju mítà 1,000 lọ nibẹ̀ yẹn, ìrì àti òtútù òru ṣì máa ń wà lára àpáta láago mẹ́jọ. Àpáta yìí jẹ́ eérú tó ti ẹnu Hasan Dağı àti àwọn òkè oníná ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tó dì. Tó bá tutù, lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ á di ọ̀rá. Aago mẹ́wàá sókè ni Selime dára, nígbà tí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́.

Awakọ̀Òkè:
Ọ̀rọ̀ ìrì yẹn tọ̀nà. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ báyìí: àfonífojì láago mẹ́sàn-án, Belisırma ní ọ̀sán, Selime láàárín aago kan sí méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá aago mẹ́ta.

ÀpátaRọ̀:
Èyí dára. Tí ẹ bá dé Selime, ẹ wá ilé ìdáná: ihò gíga kan ni, òrùlé rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè títí dé ibi tí èéfín ń gbà jáde, èéfín àtijọ́ sì ṣì dúdú lára rẹ̀. Ẹ tún wo gbọ̀ngàn alájà méjì tó yí ká. Tẹ tíkẹ́ẹ̀tì Ihlara mọ́ àpò, ẹ fi hàn ní ẹnu ọ̀nà Selime kí ẹ tó san owó míì.

OmiÌsun:
Ọ̀rọ̀ omi ló kù, àwọn èèyàn kì í sì í kà á sí títí ìgbẹ́ gbuuru á fi dé. Ẹ má mu omi Melendiz, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Abúlé wà lókè, ẹran ọ̀sìn ń jẹ lẹ́bàá rẹ̀. Lára ìdí àpáta ẹ ó rí ibi tí omi ti ń sun jáde: òjò àti yìnyín ló wọ inú àpáta tó ní ihò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan abala tí kò gba omi, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Ìyẹn tutù nini, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ má torí ojú nìkan gbà pé ó mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ẹnu ẹ̀rọ sí (çeşme), ẹ ka pátákó: "içme suyu" ni omi mímu, "içilmez" ni kò ṣeé mu. Lítà kan ààbọ̀ fún ẹni kan tó fún abala àárín. Ẹni tó bá máa rìn dé Selime, lítà méjì ààbọ̀, torí lẹ́yìn Belisırma ògiri àpáta á fẹjú kúrò, oko ló pọ̀ níbẹ̀, ibòji á wọ́n.

Ziga wà lẹ́bàá Yaprakhisar, láàárín Belisırma sí Selime. Omi gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ wá ni, òkè oníná àtijọ́ ló ń mú ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná. "Kaplıca" ni ẹ ó rí lójú pátákó. Ní irú ibẹ̀ yẹn, ẹ bèèrè bóyá ọkùnrin àti obìnrin yà sọ́tọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ bọ́ òrùka fàdákà, omi bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ di dúdú. Ẹ mu omi tútù kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó, kí ẹ sì jáde díẹ̀díẹ̀, torí tí ẹni tó ti rìn tó sì ti làágùn bá dìde fùú nínú omi gbígbóná, òòyì á kọ́ ọ. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ṣe màmá, ẹsẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi sínú omi.

Ẹlẹ́sẹ̀Ọ̀nà:
Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?

ÀpátaRọ̀:
Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan, bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Òjò ńlá ni kí ẹ bẹ̀rù, fún ìdí méjì. Ìkíní, àpáta eérú máa ń mu omi. Omi náà á dì lóru, á fẹ̀, á la àpáta, tó bá sì yọ́ láàárọ̀ òkúta á já bọ́. Ẹ má jókòó jẹun lábẹ́ ibi tí òkúta tuntun ti wó sí. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa ń funfun, ibi tó ti pẹ́ á ti di eléérú. Èkejì, yìnyín orí òkè ń yọ́ ní oṣù kẹrin, odò á ga. Tí omi bá ti gun orí ọ̀nà, ẹ padà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ dán an wò.

ÌtànIlé:
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un fún ẹni tí ààyè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn Selime. Létí odò Melendiz kan náà, kò jìnnà sí Selime, lẹ́bàá abúlé Kızılkaya, òkìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Aşıklı Höyük. Ó ju ọdún 10,000 lọ tí àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀, ó dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí níbẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 1989 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ufuk Esin bẹ̀rẹ̀ ìwalẹ̀ ńlá níbẹ̀. Ilé alámọ̀ tó fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n bá, kò sí ìlẹ̀kùn lára ògiri, òrùlé ni wọ́n ń gbà wọlé pẹ̀lú àkàbà. Wọ́n tún rí agbárí obìnrin kan tí wọ́n ti lu ihò sí nígbà tó wà láàyè. Wọ́n ti kọ́ àwọn ilé àfijọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìwalẹ̀ náà, èèyàn sì lè wọ inú wọn. Ibẹ̀ tẹ́jú, màmá lè rìn ín.

Ẹlẹ́sẹ̀Ọ̀nà:
Ó ti yé mi. Aago méje ààbọ̀ la ó kúrò ní Göreme. Àwa méjì á sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn, a ó ya Kokar, a ó padà, ká tó kọjú sí Yılanlı. Màmá àti awakọ̀ á ti Belisırma wá. Selime láago méjì. Ziga tàbí Aşıklı, ọ̀kan nínú méjèèjì.

Awakọ̀Òkè:
Ó pé. Nǹkan kan ṣoṣo: ìsopọ̀ fóònù lè já nísàlẹ̀ láàárín àpáta méjèèjì. Ẹ fẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdé àti aago rẹ̀ kí ẹ tó pínyà lókè, ẹ má sọ pé ẹ ó pe ara yín. Afárá ẹ̀bá Yılanlı ti jìnnà fún màmá. Direkli ni kó jẹ́, láago méjìlá.